Mo kí Bàbá Àgbà lóòró

Lónìí ni mo kọ́kọ́ kí àgbàlagbà lóòró láyé mi, inú sì ń bí mi sí orúnkún mi.

Iṣan rẹ̀ ló já nígbà tí mo ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ tíì tẹ̀ ẹ́.

Mo fi ọ̀pá méjì rọra wọlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ní Akron, lókè òkun níbí. Ìyàwó wọn wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé ìwòsàn?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè kúnlẹ̀."

Ọ̀pá mi ni Bàbá ń wò. Wọ́n ní:

"Lásìkò Rẹfolusíọ̀n, nígbà tí ìjọba yí padà nílé, mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, èmi náà kí bàbá mi lóòró. Ìjọba tuntun ní kámáráàdì, ẹlẹgbẹ́ kan náà, ni gbogbo wa, pé kí ẹnikẹ́ni má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kan mọ́. Mo na ọwọ́, mo ní, 'Ẹ káàárọ̀, kámáráàdì.' Bàbá mi bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọn ò bá mi wí títí wọ́n fi kú. Kò sì sí ohun tó ṣe orúnkún tèmi."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé àga tiwọn fún mi.

"Jókòó, ọmọ mi. Mo ti gba ìkíni rẹ."

Láti ìgbà tí mo ti délé ni mo ti ń rò ó. Tó bá di oṣù mélòó kan sí i, màá kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin tí orúnkún yín ń tẹ̀, ta lẹ ṣì ń kí lóòró?