Ìbàdí Ìyá Àlàkẹ́

Ọjọ́ tí mo sọ fún Ìyá Àlàkẹ́ pé n kò ní í gún un ní pikíì, díẹ̀ ló kù kó fi ọ̀pá rẹ̀ nà mí. Ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùtọ́jú aláìsàn ní Pobẹ̀. Dòtóò ni wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ funfun, dòtóò tí kò bá sì fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn kò tíì ṣe nǹkan kan.

"Mo ti Towé wá, o ní kí n lọ máa na ẹsẹ̀," ni ìyá wí. "Ta ló sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ mi kúrú?"

Oríkèé ìbàdí ni ibi tí egungun itan ti wọ inú egungun ìdí, bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Tìyá ti gbó, kò yọ̀ mọ́. Ọ̀gá mi ti kọ́ mi pé bí irú rẹ̀ bá ń sinmi jù, ńṣe ló ń le sí i. Kí iṣan tó yí i ká lágbára ni oògùn rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, mo sì fi han òun àti Rẹ̀mí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó mú un wá: kí ó dùbúlẹ̀, kí ó ká orúnkún, kí ó gbé ìdí sókè, kí ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Kì í ṣe ìrora ló ń ba ìyá lẹ́rù jù. Àlàkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lóyún àkọ́kọ́ ní Takọn. Ẹni tó máa wẹ ọmọ tuntun ní láti jókòó sórí àpótí kékeré, kí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ó tẹ́ ọmọ sí i. Ìyá kò lè jókòó bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹlòmíì ni yóò wẹ ọmọ ọmọ mi, kí n máa wò ó lórí àga bí àlejò?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá padà wá ni Rẹ̀mí ń búra pé àwọn ń ṣe é láràárọ̀. Síbẹ̀ ìbàdí ìyá ń le sí i. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di Towé.

Rẹ̀mí ni mo bá lórí ẹní, ó gbé ìdí sókè, ó ń làágùn. Ìyá jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ: "Gbé e sókè sí i! Dòtóò ní kó ga."

"Rẹ̀mí, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń bá ìyá ṣe é ni. Ṣé kí n wà ńlé kí ìyá ọkọ mi máa ṣe wàhálà? Kí laráyé yóò wí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di kẹ̀kẹ́ mú. Ìbàdí Rẹ̀mí nìkan ló ń gbádùn nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n n kò lè bá a wí. Ìyàwó tó bá káwọ́ gbera tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń làágùn, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ ládùúgbò nìyẹn. Ìyá ni mo kọjú sí.

"Ìyá, bí Àlàkẹ́ bá bímọ, ṣé Rẹ̀mí ni yóò bá yín wẹ̀ ẹ́?"

"Èèwọ̀! Ta ló bí Àlàkẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó wo ẹní, ó wò mí. "Ìyàwó mi, dìde níbẹ̀."

Kí ojú má baà ti Rẹ̀mí, mo ní òun ni yóò máa di ìyá lọ́wọ́ mú, tí yóò sì máa kọrin sí i. Ìyá kérora, ó bú mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi ẹní sílẹ̀.

Nígbà tí Àlàkẹ́ bí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Takọn. Ìyá wà lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ, ọmọ wà lórí wọn. Ìrora kò tán pátápátá, ó ń fajú ro díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó. Inú mi dùn gan-an. Rẹ̀mí nawọ́ láti gba kànrìnkàn, ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú, ó nà án, ó ká a, bí a ti ń ṣe fún ọmọ tuntun.

"Ẹsẹ̀ rẹ rèé o," ló wí fún un. "Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò bá ọ nà án, má gbà."