Ọ̀gá Tó Wá Wo Aláìnílé

Ẹni tí kò bá tíì wá aláìnílé kiri ní Ọ̀mù-Àrán, kò tíì rí ìyà. Èmi wá a, n kò rí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa nígbà náà, nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé, tí wọ́n ń tì í pa, tí wọ́n sì ń kó kọ́kọ́rọ́ padà s'Ékòó.

Ìjọba ló kéde lórí rédíò pé ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ tó bá ń gba aláìnílé sílé, òun yóò fún un ní páànù, pákó àti símẹ́ǹtì. Ìyá mi ni ọkàn mi lọ bá kíá. Atẹ́gùn ti ká ìdajì òrùlé ilé bàbá mi lọ, ògiri amọ̀ sì ni. Bí òjò ńlá bá bá a bẹ́ẹ̀, yóò wó lé ìyá mi lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ wà ní títì pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, ní ká jẹ́ kó wó, òun á máa páàkì mọ́tò síbẹ̀. Ìyá mi ní inú ilẹ̀ ilé yẹn ni wọ́n sin ọkọ òun sí, òun ò ní ibì kan tí òun ń lọ. Owó oṣù tíṣà tèmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìlọrin, aláìnílé náà sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé òun ò nílé. Mo lọ bá ìyá mi.

"Èmi?" Ó dìde fùú. "Èmi ni n ò nílé? Ṣé inú igbó ni bàbá rẹ ti he mí ni? O fẹ́ sọ mí di ẹrú lójú ìjọba!" Bó ti ń sọ ọ́, mo ń wo ẹyẹ tó ń fò kọjá lókè orí rẹ̀, nínú yàrá o.

Mo lọ bá bàbá kan tó máa ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó ní òun nílé ní Rore, ó kàn wó ni. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo dé ọ̀dọ̀ wèrè inú gáréèjì. Ó gbọ́ mi tán, ó nawọ́ sí agboolé wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní kí n lọ bi wọ́n bóyá ọmọ àlè ni òun. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n bá wèrè jà nígboro.

Ọjọ́ pé, ọ̀gá dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, bàtà rẹ̀ ń dán. A kọrin fún un, a fún un ní omi mu. Ó ní, "Aláìnílé dà?" A tún dá orin mìíràn. Ó bá rìn yí àdúgbò ká fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi ló fi ilé hàn án. Bàbá àgbà kan tilẹ̀ mú un lọ síbi ògiri tó ti wó, tí ìbẹ́pẹ ti hù láàárín rẹ̀, ó ní, "Yàrá mi rèé. Ẹ jókòó, sà."

Ó fẹ́ máa lọ nírọ̀lẹ́, mọ́tò ìjọba kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Dírẹ́bà gun alùpùpù lọ wá mẹkáníìkì ní Òrò, òjò sì ti ṣú dùdù. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ọ̀gá máa wọ̀ sí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́tùn-ún, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lósì, àgádágodo ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ni ìyá mi bá dé, ó já báàgì ọ̀gá gbà lọ́wọ́ mi. "Kí lẹ ń wá kiri nígbà tí mo nílé?"

Òjò náà rọ̀, ẹ gbà mí! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há mọ́ kọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò jò. Ọ̀gá gbé abọ́ ìfọṣọ borí, táì rẹ̀ ń ro tótó. Ìyá mi bi í bí wọ́n ti ń bi àlejò: "Ọmọ ilé ta ni ọ́?"

Ó ní ìlú Jọ́ọ̀sì ni bàbá òun kú sí, kò sì fi agboolé wọn han òun rí. Ó ní ilé ìjọba ni òun ń gbé.

"Bí ìjọba bá wá lé ọ ńkọ́? Níbo lo máa lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà."

"O nílé àbí o ò nílé?"

"Mi ò nílé, mà."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé o gbọ́?"

Ohun tí ọ̀gá kọ fún ìjọba ni pé òun rí aláìnílé kan ní Ọ̀mù-Àrán, ẹgbẹ́ wa sì ti gbà á sílé. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Páànù dé kí òjò tó le, a kan òrùlé ilé náà. Ìyá mi ya yàrá kan sọ́tọ̀, ó ní yàrá ọ̀gá ni, nítorí ọ̀gá ló ni páànù. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìlú le. Mílíìkì di ohun tí à ń fojú wò lórí igbá, owó oṣù wa di àwátì. Ìjọba sì ń já ìwé gbélé-ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, bí ẹni pé gbogbo wọn ló nílé tí wọ́n máa gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́rì kan dúró níwájú ilé wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó, àwọn ọmọ àti mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ká. N kò dá a mọ̀. Ìyá mi, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ló dá a mọ̀.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. "Mà, bóyá ẹ ò rántí mi mọ́. Wọ́n ti..." Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìyá mi ní, "O mà pẹ́ o." Ó wá kọjú sí mi, ó ń bínú bí ìṣe rẹ̀. "Kí lò ń wò? Lé ewúrẹ́ yẹn jáde, kí onílé wọlé."