Géèmù Tó Ń Kú Bí Bùkọ́lá Bá Ti Dé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú ilé wa ní Ìkìrun o!

Bùkọ́lá, ọmọ Òkukù tí mo fẹ́ fi ṣaya, fẹ́ràn àwọn géèmù tí a gbá ní kékeré. Mo wá gba emulator, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, lọ́wọ́ Wálé, ọ̀rẹ́ wa ní Inísà. Bí mo bá dá wà, géèmù á máa lọ geere. Bí Bùkọ́lá bá dé, kò ní pẹ́ tí á fi dúró gbagidi, emulator á sì pa ara rẹ̀ dé!

Mo yọ ọ́, mo tún gbé e sórí ẹ̀rọ. Mo yí sẹ́tíńgì rẹ̀. Pàbó! Ni Bùkọ́lá bá ní kò burú, òun á máa yà gbá a lọ́dọ̀ Wálé bí òun bá ń bọ̀ láti Òkukù.

Lọ́dọ̀ Wálé kẹ̀? Owú ń jẹ mí, kí n má purọ́! Bí Bùkọ́lá bá ti ní ti Wálé kì í kú, oúnjẹ á korò lẹ́nu mi. Mo gbà pé Wálé ti fi nǹkan sínú fáìlì tó fún mi. Àbí kí ló dé tó jẹ́ pé níwájú ìyàwó mi nìkan ló ń kú? Mo pe Wálé, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i.

Nígbà tí Bùkọ́lá tún wá, Màmá mi sáré tẹ́ aṣọ àrán wọn sórí tábìlì bí ìṣe wọn nígbàkígbà tó bá wá, wọ́n gbé laptop lé e. Wọ́n ní ṣé orí tábìlì lásán ni a ti ń gba ìyàwó ilé lálejò ni? Géèmù bẹ̀rẹ̀, ó kú. Bùkọ́lá ti ọwọ́ bọ abẹ́ laptop.

"Ó gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀! Wò ó, àrán yìí ló dí ihò tó fi ń mí."

A ká aṣọ kúrò, géèmù ò kú mọ́! Màmá fajú ro, wọ́n ní ṣé a fẹ́ kí ìyàwó lọ sọ ní Òkukù pé a ò láṣọ ni.

Inú mi dùn, àfi ìgbà tí Bùkọ́lá gbé fóònù. Ta ló pè? Wálé! Bùkọ́lá ní òótọ́ ni Wálé sọ, abẹ́ laptop ló ń gbóná lóòótọ́. Àṣé ọkùnrin náà ló ti sọ fún un pé kó fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀rọ.

Mo ti kọ́gbọ́n: owú a máa ránni lọ wá ohun tó wà lórí tábìlì ẹni dé Inísà. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ ti jowú lásán rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo yín ni mò ń bi, àfi Wálé nìkan!