Àlá Tí Mo Fi Dá Ẹkúndayọ̀ Dúró

Ẹkúndayọ̀, ọkọ ọmọ mi, kì í ṣe aláriwo. Ọdún 1976 ló dé Amẹ́ríkà, Minisótà níbi òtútù ló sì ti kàwé. Ó di ẹnjiníà, ó fẹ́ Ọláníkẹ́ ọmọ mi, wọ́n kó wá sí Houston, iṣẹ́ epo gbà á. Lọ́dún 1986 iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbé Bùkọ́lá ọmọ wọn lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, tó ń fọ abọ́, tó ń jókòó ti tẹlifóònù nínú ilé wa ní àdúgbò Gulfton. Oṣù mẹ́jọ. Ó ti ń rù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní Fẹ́búárì ọdún tó tẹ̀ lé e, Francis pè é. Ọmọ Minisótà gan-an ni, wọ́n jọ kàwé, wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan nígbà òtútù láyé ìgbà náà. Francis ti wá di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Ó ní kó máa bọ̀, tó bá ṣe dáadáa, òun á fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n kó dé lọ́jọ́ Ajé, nítorí tí Máàṣì bá ti wọlé, yìnyín orí adágún á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Mo ní, "Iṣẹ́ wo ni, Bàbá Bùkọ́lá?"

"Dọ́ọ̀kì ni, mà." Ó ní àwọn tó nílé létí adágún máa ń kan afárá pákó kúkúrú wọnú omi kí wọ́n lè rìn dé ìdí ọkọ̀ wọn, wọ́n á sì tún gbé ẹ̀rọ onírin kan síbẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ náà sókè kúrò nínú omi. "Nígbà ooru, orí omi lèèyàn á ti ṣe é, gbogbo nǹkan á máa mì. Ṣùgbọ́n tí adágún bá ti dì, a máa wa lọ́rì gun orí rẹ̀ ni. A ó lu ihò sára yìnyín, a ó ki òpó bọ ibẹ̀, a ó sì gbá a wọ ilẹ̀ ìsàlẹ̀."

"Lọ́rì. Lórí omi."

"Lórí yìnyín ni, mà."

"Yìnyín tí èmi mọ̀, a máa ń ṣà á nígbà òjò ni. Kó tó dẹ́nu, ó ti yọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ǹ bá kàn sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, ì bá tó. Ṣùgbọ́n àlọ́ abẹ́ òṣùpá ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, ọ̀rọ̀ kì í kúrò lẹ́nu mi kí n má so ìrù mọ́ ọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo sọ fún Ọláníkẹ́ pé mo lálàá. Mo ní adágún funfun kan la ẹnu, ó gbé ọkọ rẹ̀ mì tòun ti lọ́rì. Ìyẹn náà ì bá tó. Mo tún fi ẹja kan sí i tó dé fìlà. Mo ní ẹja náà ń kọrin, mo sì kọ orin náà fún un. Ohùn mi ṣì dùn.

Ọmọ Aládùúrà ni Ọláníkẹ́, kì í fi àlá ṣeré. Ó ní ọkọ òun ò gbọdọ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gbé àlá náà lọ bá Wòlíì Ọlọ́runyọmí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stafford. Nígbà tó dé, ó ní Wòlíì sọ pé òun náà ti rí i.

"Kí ló rí?"

"Adágún náà, Màámi."

"Ṣé ó rí ẹja?"

"Ó ní funfun ni fìlà rẹ̀."

Mo lọ jókòó sínú bálùwẹ̀. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi rán fìlà náà, mi ò tí ì yan àwọ̀ fún un.

Síbẹ̀ mo panu mọ́. Ẹkúndayọ̀ fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí n la ẹnu. Lọ́jọ́ Ẹtì ó wá dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Màmá, ẹ ṣé. Ẹ̀mí mi lẹ gbà là. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá ní kí Francis wá ẹlòmíì." Ó dìde, ó lọ ń fọ abọ́. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ń fún un tẹ́lẹ̀ ti ń fẹ́ lẹ́lẹ̀ lára rẹ̀. Mo rò ó pé bó bá dúró tì wá báyìí di ọdún tó ń bọ̀, mi ò mọ ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Mo pe Ọláníkẹ́. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni.

"Àlá yẹn," mo ní, "mi ò lá a."

"Ẹ ò lá a báwo?"

"Ojú mi là kedere."

"Ẹja ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Orin ńkọ́, Màámi?"

"Orin àlọ́ ni. Mo yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà."

"Kí ni Wòlíì wá rí?"

"Ìyẹn, lọ bi í."

Nídìí abọ́, Ẹkúndayọ̀ ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di sínkì mú. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìrẹsì àná kaná, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, kò bù fún mi. "Ẹ bá mi gba ààwẹ̀ tó kù," ló wí. Mo gbà á.

Ẹkúndayọ̀ lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́rú ó pè wá. Wọ́n ti ri òpó mọ́kànlá, Francis sì ti ń bi í bóyá ó máa kó ìyàwó wá.

"Màmá, ẹ bá wa gbàdúrà. Oòrùn ti ń yọ ju bó ṣe yẹ lọ níbí. Tí yìnyín bá yọ́ lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró nìyẹn."

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, oòrùn ni mo ń tọrọ fún orúnkún mi. Mo di àga mú, mo kúnlẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run rán òtútù, òtútù tó le, èyí tó lè gbé lọ́rì. Mo dárúkọ Minisótà lẹ́ẹ̀mẹta, kó má baà ṣìnà wá sí Gulfton.