Àbúrò Mi Tó Ń Yí Bọ́ọ̀sì Ká

Táyà tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń lò sí bọ́ọ̀sì Lálúpọn, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni wọ́n ń tà á báyìí. Dẹ́rẹ́bà kò sì ní rà á títí okùn inú ti àtijọ́ yóò fi yọ síta bí ìfun ewúrẹ́. Èmi kì í ra táyà. Gàrí ni mò ń tà, létí gáréèjì. Àbúrò mi ló sọ gbogbo wa níbẹ̀ di ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó tó wo ojú dẹ́rẹ́bà.

Ọmọ ìyá mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ìwé kẹta ni mo kà dé tí bàbá wa fi ní owó òun kò ká ọmọ méjì. Mo bá bọ́ sídìí agbada gàrí, òun bọ́ síwájú. Ó kàwé títí ìwé fi gbé e lọ sókè, ó di awakọ̀ bàálù àwọn ológun. Kì í ṣe èyí tó ń ju bọ́ǹbù o. Èyí tó ń kó sójà àti ìrẹsì lọ sí òkè Ọya ni tirẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe: àpò là ń gbé, tirẹ̀ ló kàn ń fò.

Nígbà kan, ó ránṣẹ́ pé òun yóò gba orí Lálúpọn kọjá lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo ilé tú síta. Mo fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, mo tú gèlè mi, mò ń fì í bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Bàálù kan kọjá lóòótọ́, a hó, a jó. Ìgbà tó wálé ló sọ pé òjò kò jẹ́ kí àwọn fò lọ́jọ́ yẹn rárá. Àwọn olówó tó ń lọ sí Àbújá là ń juwọ́ sí. Gàrí mi ti jó gbẹ, ẹlẹ́wúrẹ́ ni mo tà á fún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Àbúrò mi ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè mí láti Àbújá. Ọmọ dáadáa ni, "ọkọ mi" ló ń pè mí. Ó ní ọkọ òun jáde ní pápá bàálù, kò sì mọ ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń gbé látọjọ́ pípẹ́ mọ́. Mo fi ṣe ẹ̀rín. Mo ní ọkùnrin wo ni kì í ṣìnà ilé, kó yẹ ilé àwọn omidan àdúgbò wò. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀gá ológun ní kí àbúrò mi má fò mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa lọ sílé. Dókítà dárúkọ àìsàn náà lédè òyìnbó, orúkọ náà gùn tó ọ̀nà ibí sí Adégbayí. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, bíi ti arúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sì sí oògùn tí yóò dá a padà.

Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Mo ní ayé wo? Ayé tó fojú fo gbogbo olówó Ìbàdàn, tó wá ń wá ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì kiri?

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà nílé ìwé, kò sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n gbé e wá fún mi. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́. Kó gbàgbé bàálù, kó gbàgbé Àbújá, kó gbàgbé oyè tó wà léjìká rẹ̀. Kó ṣáà má gbàgbé mi.

Ó máa ń tẹ̀ lé mi lọ sí gáréèjì láàárọ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ fúnra rẹ̀ àti bàtà tó ń dán. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, bí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ti ń kó èrò, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán. Ó mi dígí ẹ̀gbẹ́, ó ta táyà nípàá, ó fọwọ́ ra ara ọkọ̀ náà bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ẹnu rẹ̀ ń sọ òyìnbó wéréwéré, níbi gbogbo tó bá sì dúró, á ní "ṣẹ́ẹ̀kì," pé òun ti yẹ ibẹ̀ wò. Èmi mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti sọ fún mi rí pé awakọ̀ bàálù gbọ́dọ̀ yí bàálù rẹ̀ ká fúnra rẹ̀ kó tó gòkè, bí ẹni tó tún un ṣe tilẹ̀ fi Ọlọ́run búra.

Ṣùgbọ́n aláṣọ funfun ló pọ̀ nínú àwọn dẹ́rẹ́bà wa. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tó dijú díẹ̀, tó gbọ́wọ́ lé ọkọ̀, tó ń sọ èdè tí kò yé wọn. Ọ̀kan ṣí fìlà. Àbúrò mi ní "ṣẹ́ẹ̀kì," dẹ́rẹ́bà ní "àmín." Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti tò sí ìlà. Àwọn mùsùlùmí náà tò, wọ́n ní àwọn náà ló ni àmín. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé omi inú ike wá pé kó ti ìka bọ̀ ọ́. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe àdúrà. Wọ́n ní wòlíì kì í níyì lójú ọmọ ìyá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí kóńgò fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ni mo tún fẹ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, inú rẹ̀ dùn. Bó bá ti parí, á na àtàǹpàkò sókè, bọ́ọ̀sì á gbéra.

Ó dọ́jọ́ kan, èrò ti kún, àpò gàrí mi wà lórí ọkọ̀. Ó dé ibi táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó padà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó tún dé ibẹ̀, ó tún dúró. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Àǹtí, ibo ni mo bá a dé?"

Mo ní, "O ti ṣe é tán. Jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

"Bí mi ò bá rántí pé mo ṣe é, mi ò tíì ṣe é nìyẹn."

Ló bá tún bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ní ojú bàbá yìí ti rí nǹkan lọ́nà. Gbogbo èrò tẹ̀ lé e. Dẹ́rẹ́bà bẹ̀ wọ́n, ẹ̀bẹ̀ sú u, ẹ̀rù wá ba òun náà, ó pa ọkọ̀, ó sọ àpò mi kalẹ̀, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ. Àwọn bọ́ọ̀sì tó kù kò gbéra. Mò ń pariwo pé kò rí ìran kankan, pé ó sọnù ni. Ẹni tó gba orí aṣálẹ̀ kọjá tí kò ṣìnà, ìdí bọ́ọ̀sì eléèyàn méjìdínlógún ló ti sọnù. Ta ní ń gbọ́? Òfìfo ọkọ̀ ló kù tó ń yí ká. Mo bá a yí i. Bí a bá dé ìdí táyà kan, èmi ni mò ń bá a pe ṣẹ́ẹ̀kì. A kò rí i parí. Ó rẹ̀ ẹ́ ni ó ṣe jókòó.

Alága gáréèjì wá bá mi nírọ̀lẹ́, ó tẹríba. Ó ní kí n má bínú, kò sẹ́ni tó ní orí ọ̀gá dàrú, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ọmọ òun kò lè gba irú iṣẹ́ yẹn láti ọ̀run lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé àga àbúrò mi sẹ́yìn àtẹ mi, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri kó má baà rí ọkọ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣá. Ìyàwó rẹ̀ pè lórí fóònù, àbúrò mi bi mí pé ta ni obìnrin tó ń sunkún yìí. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń dù ọ́ ni. Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó fi ẹkún rẹ́rìn-ín. Èmi ń fi ara mi ṣe fáàrí. "Àǹtí" ló ṣì ń pè mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dìde lórí àga, ó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ yí sí iwájú, ó dúró níbi tí àwọn oníbàárà ń dúró.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Èló ni kóńgò?"

Láti kékeré, ọwọ́ ló fi ń bu gàrí mi, á dà á sẹ́nu ní gbígbẹ, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ní ń béèrè iye gàrí lọ́wọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n? Mò ń retí ẹ̀rín rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ìwọ, o ò mọ̀ mí ni?"

Ó wò mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa. "Ẹ má bínú, ìyá. Èmi kì í ṣe ará ibí."

Ọjà títà nìkan ni mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àjèjì, mo bá tajà. Mo pe ẹgbẹ̀fà, ó ní ó wọ́n, ó dá ẹgbẹ̀rin. A ná an síwá, a ná an sẹ́yìn, mo já a fún un. Mo wọn ọ́n títí ó fi ṣe góńgó, mo fi ọwọ́ méjèèjì bu èènì lé e. Ó ní ọjà mi á tà. Mo máa ń fi ẹgbẹ̀rún kan sí i lápò láàárọ̀, kó má baà dúró láwùjọ pẹ̀lú àpò òfìfo. Òun ló yọ fún mi. Ó na ọwọ́, ó ń dúró de ṣéńjì, mo fún un ní ọgọ́rùn-ún.

Ó wá dúró pẹ̀lú ọ̀rá gàrí lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Mo ní oòrùn mú, kó wá jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn mi. Ó dúpẹ́ bí àlejò, ó jókòó.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà ni mo gbà lọ́wọ́ ọmọ ìyá mi.