Kámẹ́rà Tí Kò Ní Dígí Nínú

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ya fọ́tò ní Ìlọ́bù. Kámẹ́rà onífíìmù ni tirẹ̀. Tó bá ya fíìmù kan tán, á gbé e lọ fọ̀ ní Òṣogbo, àwọn oníbàárà á máa yà ní ṣọ́ọ̀bù wá béèrè pé, "Fọ́tò wa ò tíì dé ni?" Nígbà tí kámẹ́rà dígítà tí kì í lo fíìmù dé, èmi ni mo kọ́kọ́ rà á. Ọkọ mi wò ó lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹni tó lè ya ojú kan nígbà ọgọ́rùn-ún, ṣé á fara balẹ̀ wo ojú náà?" Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró de fọ́tò lọ́sẹ̀ kan mọ́. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iyàn yẹn. Kí n má parọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọkọ mi ti jáde láyé.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí síbi yìgì kan ní Ìfọ́n. Àlùfáà ń ṣàdúà, gbogbo ilé dákẹ́, àfi kámẹ́rà mi tó ń dún kàkàkà. Bàbá ìyàwó yíjú wò mí. Ojú tì mí, mo sún sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọbìnrin kan tó ń ya fọ́tò tirẹ̀, tí kámẹ́rà rẹ̀ ò dún rárá.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó wá kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Dígí tó ń gbéra sókè nínú tiyín ló ń dún yẹn. Tèmi ò ní dígí. Ẹ wò ó."

Mo gbé e sójú. Mo yí bọ́tìnì kan lára rẹ̀, ojú ìyàwó mọ́lẹ̀ sí i nínú rẹ̀ lójú mi. N kò tíì tẹ̀ ẹ́ láti ya fọ́tò, mo ti rí bí fọ́tò náà yóò ṣe rí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ̀rọ̀, kí n tó rántí pé ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún kò sí níbẹ̀.

"Kí ló dé, mà?"

"Ó wù mí kí ọkọ mi rí èyí."

"Kí ni wọn ì bá sọ?"

Mo dá kámẹ́rà rẹ̀ padà fún un. N kò mọ ohun tí ọkọ mi ì bá sọ.

Mo ti ra irú kámẹ́rà yẹn báyìí, wọ́n sì ń pè mí síṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ láàárọ̀, tí mo bá ń jẹun, mo ṣì máa ń wá ohun tí ọkọ mi ì bá fi bá mi jiyàn.