Aládùúgbò mi nídìí okùn àwọ̀n

Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín o, aládùúgbò mi di apẹja lónìí!

A dúró létí òkun ní Àgbádárìgì, ó ń wàásù fún mi: "Tíṣà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ti kú. Kálukú ló ń ṣe tara rẹ̀."

Ìgbì sì ń wọ́ àwọ̀n àwọn apẹja lọ, agbára wọn ò ká a mọ́.

Ìyá Sènami, tó ń bá wọn fa okùn, pariwo: "Ẹ̀yin bàbá alásọyé, ẹ di okùn mú jàre!"

A sáré dì í mú. A fà, a ṣubú, a tún fà, títí àwọ̀n fi gúnlẹ̀.

Wọ́n bu ṣáwá kún fìlà aládùúgbò mi. Ó ní òun ò wá ra ẹja.

Ìyá Sènami dá a lóhùn: "Ta ló ń tà á fún yín? Ẹni tó bá fa okùn ti nípìn-ín."

Ọ̀gá oníwàásù gbá fìlà ẹja rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní: "Ìgbà wo lẹ tún máa fà á?"

Ẹ̀yin ará, kí lẹ ṣì jọ ń ṣe ládùúgbò tiyín?